Àṣàrò Òwúrọ̀: Nígbà tí oúnjẹ ò gba ọ̀fun mọ́

Bíbélì kíkà: 2 Samuẹli 19:31–39, 1 Àwọn Ọba 19:1–8

  

Àṣàrò tòní gùn ju bó ṣe máa ń gùn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú mọ́tò, ẹ fi í sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn nílé àti ẹ̀yin afàdúràjagun wa.

Ìyá kan tó wà lórí àkójọ yìí ló kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní mo lè sọ ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo yín, kí n ṣáà má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní ALS ló ń ṣe ọkọ wọn. MND ni àwọn ará wa tó wà ní Ìlú Ọba máa ń gbọ́ tí wọ́n ń pè é. Dókítà sọ pé àsìkò ti tó láti fi rọ́bà sí bàbá níkùn, kí oúnjẹ lè máa gba ibẹ̀ wọlé. Ìyá wá ń béèrè pé: "Ajíhìnrere, bàbá ṣì ń jẹun o. Wọ́n mu ògì láàárọ̀ yìí. Kí ló dé tí a ó fi lu ikùn ẹni tó ṣì ń fi ẹnu jẹun? Ṣé kì í ṣe pé à ń sọ fún Ọlọ́run pé a ò retí nǹkan kan mọ́ nìyẹn?" Àwọn ọmọ ní kí wọ́n ṣe é kíákíá. Àwọn àbúrò bàbá ní ẹni tí wọ́n bá ti fi rọ́bà sí lára kì í padà wálé. Ẹgbẹ́ àdúrà ní kí wọ́n fún àwọn ní ọjọ́ 21.

Mo ka ọ̀rọ̀ náà títí. Dókítà ti sọ tirẹ̀, àwọn ọmọ ti sọ tiwọn, àwọn àbúrò ti sọ, àwọn aládùúrà ti sọ. Mo wá ibi tí bàbá fúnra wọn ti sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, mi ò rí i. Bẹ́ẹ̀ bàbá ṣì ń sọ̀rọ̀ o. Ahọ́n wọn ló kàn wúwo.

Ibẹ̀ ni mo ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú àìsàn tí à ń sọ, nítorí àìmọ̀ ti pọ̀ jù láàárín wa lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọlọ́run dá àwọn iṣan tín-ín-rín kan sínú wa tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọpọlọ, tó ń gbé e lọ jẹ́ fún ẹran ara: ọwọ́, gbé nǹkan, ẹsẹ̀, rìn, ọ̀fun, gbé e mì. Nínú ALS, àwọn iṣan oníṣẹ́ yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀. Ẹran ara tí kò bá rí iṣẹ́ gbà mọ́ á rù, á sì rọ. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́, kí ife máa bọ́ lọ́wọ́ ẹni; ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀; ó sì lè jẹ́ ahọ́n ni, kí ọ̀rọ̀ ẹni máa fà bíi ti ẹni tó mutí. Níkẹyìn, ó máa ń dé ara ẹran tí a fi ń mí. Ojú ń ríran, etí ń gbọ́ran, ara ń mọ̀ tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Àwọn kan wà tí àìsàn náà máa ń kan ìrònú àti ìwà wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló mọ gbogbo ohun tó ń lọ láyìíká wọn dé ìparí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Kì í ṣe àrùn òyìnbó. Lóòótọ́, ní Amẹ́ríkà, orúkọ Lou Gehrig, ọ̀kan nínú àwọn ìlú-mọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù baseball wọn, ni wọ́n fi ń pè é; 1939 ni wọ́n sọ fún un pé òun ló ń ṣe é, 1941 ló kú, ẹni ọdún 37 ni. Ṣùgbọ́n ní 1974, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwakayode Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà 92 tí irú àìsàn yìí ń ṣe. Ìbàdàn tiwa yìí o. Nítorí náà, ẹ yé é wá ẹni tó so ahọ́n bàbá mọ́lẹ̀. Kò sí ìyá àgbà kankan lábúlé tó jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí.

Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó tán. Riluzole, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 1995, kàn máa ń fà á sẹ́yìn díẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ló ń lo ọdún 2 sí 5 láti ìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn díẹ̀ ń kọjá ọdún 10.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Oníwọra ni wọ́n fi ń bá wí. Fún ẹni tó ní ALS, kì í ṣe òwe mọ́. Ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí jọ wà nínú ọ̀fun kan náà ni. Tí a bá ń gbé nǹkan mì, ìdérí kékeré kan á bo ọ̀nà èémí kí oúnjẹ lè kọjá. Ẹran ara ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, wéré báyìí ló sì máa ń ṣe é. Nígbà tó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, ohun tí èèyàn ń mu á bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, á lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, á sì di àìsàn míì níbẹ̀. Omi lásán ló sábà máa ń ṣòro jù, nítorí ó yára ju ọ̀fun lọ. Ohun tó ki díẹ̀, bí ògì tó dì, máa ń rọrùn jù ú lọ.

Ẹ dákun, mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, torí ó kàn wá nínú ìjọ. Àwa la máa ń gbé ife omi àdúrà fún aláìsàn, tí a ó ní kó gbé e mu lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ìgbàgbọ́. Àwa la máa ń ní kó gbé òróró mì. Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ò dáa mọ́, irú ife bẹ́ẹ̀ lè gbé e dé ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹ fi omi náà wọ́n ọn. Ẹ fi òróró náà kùn ún níwájú orí. Ọlọ́run tó gbọ́ àdúrà tí a gbà sórí omi kò ní bínú pé kò wọ ọ̀fun. Tó bá di Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ẹ̀kán wáìnì kan lórí ahọ́n ti tó. Mi ò rò pé Jésù ń fi ṣíbí wọ̀n ọ́n.

Àwẹ̀ ńkọ́? Ẹ má ṣe ní kí ẹni tó ní ALS gbààwẹ̀, ì báà ṣe ọjọ́ kan. Àwọn dókítà ti ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá ń rù kíákíá nínú àìsàn yìí, ẹ̀mí rẹ̀ kì í sábà gùn tó ti ẹni tó dúró lórí ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀yin tí ara yín le, ẹ bá a gbà á.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ti rọ́bà náà. Dókítà á fún aláìsàn ní oògùn oorun díẹ̀, á ti ẹnu rẹ̀ ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná àti kámẹ́rà wọnú ikùn, á sì fi ìyẹn tọ́ rọ́bà kékeré kan jáde lára awọ ikùn. Kì í sábà ju bí ìdajì wákàtí lọ. Ọdún 1979 ni àwọn dókítà méjì ní Cleveland ní Amẹ́ríkà, Gauderer àti Ponsky, kọ́kọ́ ṣe é báyìí, ọmọ ọwọ́ sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é fún. Kó tó dìgbà yẹn, àfi kí wọ́n la ikùn. Aṣọ máa ń bo rọ́bà náà. Ẹni tó ní in lè wọ agbádá lọ sóde, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Síríńjì ni wọ́n fi ń ti oúnjẹ olómi, omi àti oògùn gba ibẹ̀. Pé wọ́n fi í síbẹ̀ lónìí kò ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lónìí. Ẹni tó ní rọ́bà níkùn ṣì lè máa fi ẹnu mu ògì rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ọ̀fun bá ṣì gbà á. Kí wọ́n kàn máa fi omi ṣan rọ́bà náà lójoojúmọ́ kó má baà dí. Ìyá tó kọ̀wé, ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn? Kì í ṣe pé ẹ gbọ́dọ̀ yan ẹnu tàbí ikùn. Ó lè jẹ́ méjèèjì.

Kí n má sì purọ́ fún yín: rọ́bà kì í wo ALS. Kò dá a dúró. Itọ́ ẹnu ṣì lè gba ọ̀nà òdì. Ojú ibi tí wọ́n lu lè ṣọyún. Kò sí ẹni tó lè búra fún yín pé iye oṣù báyìí ni yóò fi kún ọjọ́ ayé ẹnikẹ́ni. Ohun tó lè ṣe ni pé kò ní jẹ́ kí ebi àti òùngbẹ ṣáájú àìsàn pa èèyàn, ó sì máa ń lé ẹ̀rù kúrò nídìí oúnjẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nírú ilé bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ: abọ́ ẹ̀kọ kan á gba wákàtí kan, aláìsàn á máa wúkọ́ títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, ìyàwó á máa rọ̀ ọ́ pé "ẹ gbìyànjú, ó ku ṣíbí méjì," òun náà á sì máa gbé e mì torí ìyàwó, kì í ṣe torí ebi. Láàárín wa, oúnjẹ ni ìfẹ́. "Ṣé ó jẹun?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a máa ń bi nọ́ọ̀sì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rọ́bà fi ń dun àwọn ìyá ju àwọn ọmọ lọ. Ọwọ́ wọn tó ń sebẹ̀ ló ń dà bíi pé wọ́n ń dá a padà. Mi ò bá wọn jà sí i.

Ìgbà wo wá ni? Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń rò ni pé ìgbà tí ẹnu bá kọ̀ pátápátá ni. Ó jọ ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ kì í ṣe ẹnu, èémí ni. Aláìsàn á dùbúlẹ̀, á gba oògùn oorun, wọ́n á sì ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ewu ńlá ló jẹ́ fún ẹni tí agbára àtimí rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kan kí wọ́n lè wọn agbára rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ dókítà ń lò ni pé kí wọ́n ti ṣe é kí agbára èémí náà tó wálẹ̀ ju 50 nínú 100 iye tó yẹ kó jẹ́. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe mọ́ rárá. Ọ̀nà míì wà tí wọ́n ń fi x-ray tọ́ rọ́bà náà sọ́nà, tí oògùn oorun rẹ̀ kò ní pọ̀. Àmọ́ ewu ti pọ̀ sí i nígbà yẹn, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló lè ṣe é.

Ọ̀fun àti èémí kì í jọ rìn pọ̀ nínú àìsàn yìí. Ẹnu lè ṣì gbé ògì mì, kí èémí ti máa lọ sílẹ̀ láìpariwo. Tí aláìsàn ò bá lè sùn gbalaja mọ́ lóru, àfi kí wọ́n fi ìrọ̀rí gbé e sókè, tí orí ń fọ́ ọ láàárọ̀ bó bá ti jí, ẹ sọ fún dókítà, ọ̀rọ̀ èémí lè ti wọ̀ ọ́. Ẹ máa gbé e sórí ìwọ̀n lóṣooṣù, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó wọn kílò 70 tó wá di 63 ti sọ ìdá kan nínú mẹ́wàá ara rẹ̀ nù, kò sì yẹ kó dé ibẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ wá rí i báyìí pé dídúró náà, ìpinnu ni. Ẹni tó ní òun ò tíì pinnu, àìsàn ń bá a pinnu lọ. Lọ́jọ́ tí ẹnu bá wá kọ̀, a lè gbé e dé ilé ìwòsàn kí wọ́n sọ pé ó ti pẹ́ jù, kí a wá máa sọ pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Mi ò lè fi ọwọ́ sí gbólóhùn yẹn. A ò lè fi ohun tí a kọ̀ láti béèrè di ẹ̀bi Ọlọ́run.

Ẹ̀yin afàdúràjagun, ẹ má bínú sí mi. Ẹ ka Àìsáyà 38 àti 2 Àwọn Ọba 20. Hesekáyà ti gbàdúrà, ó ti sunkún, Ọlọ́run ti dá a lóhùn, ó ti fún un ní ọdún 15. Àsọtẹ́lẹ̀ ti jáde. Síbẹ̀ wolíì ní kí wọ́n lọ mú ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé oówo náà. Tí ọ̀pọ̀tọ́ bá jẹ́ àìgbàgbọ́, Àìsáyà ló kọ́kọ́ dá ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ẹ tún wo Èlíjà lábẹ́ igi. Ó ti sú u, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì ò bá a wí, kò sì dá a lóhùn lórí Jésíbẹ́lì. Àkàrà àti omi ló gbé wá, lẹ́ẹ̀mejì, ìdí tó sì fún un ni pé ìrìn àjò náà pọ̀ jù fún un. Nígbà tó jẹun tán, Jésíbẹ́lì ṣì wà láàyè, ogójì ọjọ́ ṣì wà níwájú. Oúnjẹ yẹn ò yanjú ohunkóhun. Ti ọ̀nà ni. Bí mo ṣe rí rọ́bà náà nìyẹn. Ẹ lè máa bẹ Ọlọ́run fún ìwòsàn títí, kí ẹni tí ẹ ń gbàdúrà fún sì máa rí nǹkan jẹ lójú ọ̀nà.

Ẹ má rò pé mo ti dájọ́ tán o. Ẹ ṣí 2 Samuẹli. Nígbà tí Dáfídì ń sá fún Ábúsálómù, Barsillai ará Gílíádì wà lára àwọn tó gbé oúnjẹ wá bá a: àlìkámà, ẹ̀wà, oyin, àgùntàn. Nígbà tí ogun parí, Dáfídì fẹ́ san oore. Ó ní kí bàbá náà bá òun kálọ sí Jerúsálẹ́mù, òun á máa bọ́ ọ níbẹ̀. Ọba ló ń sọ̀rọ̀ o! Bàbá ẹni 80 ọdún yìí dúpẹ́, ó sì kọ̀. Ó ní òun ò mọ adùn ohun tí òun ń jẹ mọ́, kí ọba jẹ́ kí òun padà lọ kú sí ìlú òun, nítòsí ibojì bàbá àti ìyá òun. Ẹni tó bọ́ ọba nígbà ìṣòro ló ń kọ oúnjẹ ọba yìí. Kí ni Dáfídì ṣe? Kò bá a jà. Kò sọ pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Kò ránṣẹ́ pe ẹbí kí wọ́n wá bá òun bẹ̀ ẹ́. Ó fẹnu kò ó lẹ́nu, ó súre fún un, bàbá sì padà sílé.

Nítorí náà, ẹni tó ní ALS tó ti gbọ́ gbogbo àlàyé, tó ronú sí i, tó sì ní òun ò fẹ́ rọ́bà, kò pa ara rẹ̀. Àìsàn ló pa á. Àwọn àgbà ní àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ní 1957, Póòpù Pius Kejìlá sọ fún àwọn dókítà pé kò pọn dandan fún ẹnikẹ́ni láti gba ìtọ́jú tó bá ti di ẹrù tó wúwo jù fún un. Èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà, ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá sì kọ rọ́bà kò kọ ìtọ́jú: ó ṣì yẹ kó rí oògùn tí yóò mú kí mímí rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí wọ́n máa fi omi pa ètè rẹ̀, kí èèyàn wà nítòsí rẹ̀. Bákan náà, ẹni tó ní bẹ́ẹ̀ ni lónìí lè ní ó tó lọ́jọ́ iwájú.

Ibi tó le jù nìyí. Tí aláìsàn bá ní òun ò fẹ́, ẹ fetí sí ohun tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé "mi ò fẹ́ da yín láàmú." Lọ́dọ̀ wa níbí, àpò ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sanwó ìtọ́jú: owó rọ́bà, owó dókítà, síríńjì, oúnjẹ olómi inú agolo. Àwọn kan máa ń lọ oúnjẹ ilé kúnná, kí wọ́n sì sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kí ẹni tó mọ̀ nípa oúnjẹ nílé ìwòsàn fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn yín, torí rọ́bà tètè ń dí. Bàbá tó ti bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣírò gbogbo ìyẹn ní ọ̀gànjọ́ òru, tó wá ní òun ò ṣe mọ́, ṣé òun ló kọ rọ́bà, àbí àpò wa ló bá a kọ̀ ọ́? Barsillai kì í ṣe tálákà. Bíbélì sọ pé ọlọ́rọ̀ ńlá ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ti rẹ̀ rẹwẹ̀sì ló mú kó kọ̀. Ó ní ilé tó fẹ́ padà sí.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ẹbí tí kò rówó rọ́bà lónìí á rówó màlúù lọ́jọ́ ìsìnkú. Ìjọ tí kò dá nǹkan kan á ran aṣọ ẹbí. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, kí aláìsàn kankan nínú wa tó lè sọ pé òun kọ̀, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ pé owó náà wà. Nígbà yẹn ni "mi ò fẹ́" rẹ̀ á tó jẹ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan "mo fẹ́" pẹ̀lú. Àwọn bàbá míì á gba rọ́bà torí pé àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ti fi owó ránṣẹ́, ojú sì ń tì wọ́n láti dá a padà.

Ẹ rántí Bátíméù ní Máàkù 10. Afọ́jú ni, gbogbo ayé ló rí i. Àwọn èrò ní kó panu mọ́. Jésù dúró, ó pè é, ó sì bi í pé kí ló fẹ́ kí òun ṣe fún un. Ṣé Jésù ò mọ̀ ni? Ó mọ̀. Kò ṣáà fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu èrò.

Ó ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí a ò bá tètè béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Stephen Hawking, ọ̀mọ̀wé ará Ìlú Ọba tó ń fi ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ lórí àga onítáyà, àìsàn kan náà ni. 1963 ni wọ́n sọ fún un, ẹni ọdún 21 ni. Ní 1985, ó wà ní ìlú Geneva nígbà tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró gbé e ṣánlẹ̀, tí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ ìmí. Kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn dókítà bi Jane, ìyàwó rẹ̀, bóyá kí àwọn pa ẹ̀rọ náà. Jane ní rárá. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e padà sí Cambridge, wọ́n lu ihò sí i lọ́rùn kó lè máa mí, ohùn díẹ̀ tó kù sì lọ. Ó gbé ayé títí di 2018, ó pé ẹni 76 ọdún. Òun ò gba Ọlọ́run gbọ́; ìyàwó rẹ̀ gbà. Irú ẹ̀mí gígùn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an nínú àìsàn yìí, ẹ má fi ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó kàn mí níbẹ̀ ni Jane, tó dúró nílẹ̀ àjèjì, tí wọ́n ń bi léèrè ohun tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló yẹ kó dáhùn. Bó bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ńkọ́? Ta ló lè dá a lẹ́bi? Mi ò fẹ́ kí ìyàwó ẹnikẹ́ni nínú ìjọ yìí dá nìkan ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ní kọ́rídọ̀ ilé ìwòsàn, ní aago méjì òru.

Torí náà, ẹ bi í nígbà tó ṣì lè dáhùn. Ẹ má bi í nídìí oúnjẹ, ẹ má bi í níwájú èrò. Òwúrọ̀ dáa, nígbà tí kò tíì rẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ òótọ́ fún un nípa èémí àti ìgbà tó kù. Ẹ bi í nípa rọ́bà. Ẹ bi í nípa ẹ̀rọ ìmí. Ẹ bi í ta ló fẹ́ kó sọ̀rọ̀ fún òun bí ohùn bá lọ. Kó mi orí, kó ṣẹ́jú, kó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ọ̀rọ̀ náà ni. Tó bá ní kí ẹ fún òun láàyè láti rò ó, ẹ bi í ọjọ́ tí ẹ máa padà wá. Ẹ kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ̀ka, ẹ kọ déètì sí i. Ẹ fún dókítà ní ẹ̀dà kan, kí ọ̀kan wà nínú báàgì tí ẹ máa ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Tó bá yí ọkàn padà lóṣù tó ń bọ̀, ẹ ya ti àkọ́kọ́, ẹ kọ òmíràn.

Tí ẹ bá fẹ́ kí èmi tàbí pásítọ̀ jókòó tì yín lọ́jọ́ tí ẹ máa bi í, ẹ fi ohùn sílẹ̀ fún mi lórí WhatsApp. Mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì títí di aago mẹ́rin lónìí. Ẹ ṣe é ní ire o.